Iyọ̀ Inú Ọbẹ̀: Ohun Kékeré Tí Olórin Lè Fi Owó Díẹ̀ Rà

 

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí kan àwọn ọmọ wa tí ń kọrin, tí ń ta gìtá, tí ń lùlù, tí ń tẹ dùùrù. Ó sì kan àpò ẹ̀yin òbí wọn pẹ̀lú. Nínú ẹgbẹ́ akọrin wo ni a kò ti ní rí ọ̀dọ́ méjì tàbí mẹ́ta tí ó fẹ́ máa gba orin sílẹ̀ nínú yàrá rẹ̀? Ó ti rí i lórí tẹlifóònù pé àwọn ẹgbẹ́ òun ń ṣe é ní Kútọ̀nù àti ní Èkó. Nígbà tí owó kajú bá ń wọlé, ó tọ bàbá rẹ̀ lọ, ó ní kí wọ́n bá òun ra sítúdíò. Bàbá béèrè iye rẹ̀. Nígbà tí ó gbọ́ ọ, ó dìde lórí àga. Ọmọ ń bínú, bàbá ń bínú, ìyá wà láàárín. Irú ẹjọ́ báyìí ti dé ọ̀dọ̀ wa ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Àwa kò ní pàṣẹ fún bàbá pé kí ó ná owó náà, a kò sì ní sọ fún un pé kí ó lé ọmọ. Ohun tí a rí ni pé ọmọ ń béèrè ohun ńlá tí kò tíì nílò, bàbá sì ń kọ ohun ńlá láìmọ̀ pé ohun kékeré wà tí apá òun ká. Àwọn àgbà ní ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ bi ìyá tí ń dáná léèrè: kí ni owó rẹ̀ kéré jù nínú ìkòkò? Iyọ̀ ni. Ẹ ra ẹran tó wọ́n jù lọ́jà, kí ẹ má fi iyọ̀ sí i, kí a wá wo ẹni tí yóò jẹ ẹ́ tán. Iṣẹ́ orin náà ní iyọ̀ tirẹ̀. Owó rẹ̀ kò pọ̀, a sì lè rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti ilé. Òun ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Àwọn tí wọ́n fi ohun díẹ̀ ṣe ohun púpọ̀

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ ìtùnú lásán ni èyí. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orílẹ̀-èdè wa. Ní 1968 ni ẹgbẹ́ olórin Poly-Rythmo bẹ̀rẹ̀ ní Kútọ̀nù, lábẹ́ olórí wọn Mélomé Clément tí ó kú ní 2012. Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà díẹ̀ mọ orin wọn dáadáa. Nígbà tí owó bá wà, wọn a lọ gba orin sílẹ̀ ní sítúdíò EMI ní Èkó. Ṣùgbọ́n láàárín 1972 sí 1975, púpọ̀ nínú orin tí wọ́n ṣe fún àwọn olùtẹ àwo kéékèèké, inú ilé ènìyàn ni wọ́n ti gbà á sílẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kan tí à ń pè ní Nagra, tí wọ́n ṣe ní Switzerland, àti gbohùngbohùn kan tàbí méjì péré. Ní 2008, ilé iṣẹ́ Analog Africa ní Jámánì tún kó nínú orin wọ̀nyí jáde, àwọn ará Yúróòpù sì ń fi owó wọn rà á.

Ẹ jẹ́ ká ro ohun tí èyí túmọ̀ sí. Bí gbohùngbohùn bá jẹ́ ẹyọ kan, tí ìlù, fèrè, gìtá àti akọrin sì wà níwájú rẹ̀, kò sí bọ́tìnì tí a lè yí láti dín ẹnì kan kù tàbí láti gbé ẹnì kan ga. Ènìyàn fúnra rẹ̀ ni a ó tò. Ẹni tí ohùn rẹ̀ pọ̀ yóò sún sẹ́yìn, ẹni tí ohùn rẹ̀ kéré yóò sún mọ́ iwájú. Ìmọ̀ ni wọ́n fi ṣe é.

Bákan náà ni ó rí lókè òkun. Ní January 1982, Bruce Springsteen, olórin ará Amẹ́ríkà tí ó ti lókìkí nígbà náà, jókòó sí yàrá ilé rẹ̀ ní New Jersey. Ó fi ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì Tascam kékeré kan àti gbohùngbohùn Shure SM57 méjì gba orin rẹ̀ sílẹ̀ láti fi han àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n gbìyànjú láti tún un ṣe ní sítúdíò ńlá, kò rí bí wọ́n ti fẹ́. Kásẹ́ẹ̀tì inú yàrá náà ni wọ́n padà fi ṣe àwo Nebraska tí ó jáde ní ọdún yẹn.

A kò sọ pé ohun èlò kò já mọ́ nǹkan. Nagra kì í ṣe ohun pọ́ọ́kú rárá. Ẹ̀rọ kan tó dára ni wọ́n ní, wọ́n sì mọ bí a ti ń lò ó. Lónìí, ẹ̀rọ náà ti wà nínú àpò ọmọ yín: tẹlifóònù rẹ̀ ni. Ohun tí ó kù sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni kò ní.

Kí a tó ná kọ́bọ̀: yàrá

Yàrá wa jẹ́ ògiri símẹ́ǹtì mẹ́rin, ilẹ̀ símẹ́ǹtì, àti òrùlé páànù. Ẹ pàtẹ́wọ́ nínú yàrá tó ṣófo, ẹ ó gbọ́ bí ìró náà yóò ti máa ta padà sí yín. Gbohùngbohùn, tí àwa níbí ń pè ní míkró, ń gbọ́ ìró yẹn náà. Tí ó bá sì ti wọ inú orin, ó ṣòro púpọ̀ láti yọ ọ́.

Ohun tó nípọn tó sì rọ̀ ni ó ń mu ìró: kúbùsù, bẹ́ẹ̀dì fóòmù, aṣọ tí a kó jọ sórí okùn. Ẹ gbé bẹ́ẹ̀dì nàró sẹ́yìn akọrin, kí ẹ ta kúbùsù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Ẹ̀yìn akọrin ni ó ṣe pàtàkì jù, nítorí pé ibẹ̀ ni ojú míkró kọ sí. Gbogbo èyí ti wà nílé.

Ọ̀pọ̀ ọmọ ń lẹ páálí ẹyin mọ́ ògiri. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n dẹ́kun. Páálí ẹyin fúyẹ́. Kò lè dá ìlù dúró kí ó má baà dé ọ̀dọ̀ aládùúgbò, ó sì tètè ń gbiná. Fóòmù pẹlẹbẹ dúdú tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì sàn jù ú lọ díẹ̀: ó ń dín ìró tínrín kù nínú yàrá, ṣùgbọ́n òun náà kò dá ohùn dúró. Ohun tó wúwo ni ó ń dá ohùn dúró, bí ògiri àti ilẹ̀kùn tó sé dáadáa. Nítorí náà, ẹ máa gba orin sílẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ ọlọ bá ti dákẹ́, tí alùpùpù sì ti dínkù lójú ọ̀nà. Òjò lórí páànù kò ní oògùn; ẹ dúró kí ó dá.

Ohun tó yẹ kí a rà

Euro kan jẹ́ nǹkan bí fránkì 656. Ohun tí wọ́n kọ euro 5 sí lára, ó tó fránkì 3,280. Ti euro 10 tó 6,560. Ti euro 20 tó 13,120. Púpọ̀ nínú ohun tí a ó dárúkọ wà láàárín èyí. Ẹ má rà wọ́n pa pọ̀. Ẹ ra èyí tí àìsí rẹ̀ ń dí iṣẹ́ lọ́wọ́, kí ẹ lò ó, kí ẹ tó ra òmíràn.

Èkíní ni ìbòjú míkró, bóyá fóòmù tí a fi ń bò ó lórí, tàbí àwọ̀n róbótó tí a ń gbé síwájú rẹ̀. Ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ síwájú ẹnu, kí ẹ sọ «papa» gẹ́gẹ́ bí àwọn Faransé ti ń sọ ọ́. Afẹ́fẹ́ tí ẹ rí lára ọwọ́ yẹn, bí ó bá lu míkró, gbùù ni ó ń dún nínú orin. Ìbòjú yìí ni ó ń gbà á. Ẹni tí kò bá fẹ́ rà á lè ká wáyà híhá bí òrùka, kí ó fa ìbọ̀sẹ̀ tínrín ti obìnrin bò ó. Yóò ṣiṣẹ́.

Èkejì ni míkró kékeré tí a ń há mọ́ ọrùn aṣọ, tí wáyà rẹ̀ ń wọ inú tẹlifóònù. Fún ẹni tó fẹ́ gba ohùn ẹnì kan ṣoṣo, kò sí ohun olówó kékeré tó ṣe é láǹfààní tó èyí. Ìdí rẹ̀ ni pé ó sún mọ́ ẹnu. Bí ẹ bá gbé míkró jìnnà sí ẹnu ní ìlọ́po méjì, agbára ohùn tó dé bá a tààrà yóò di ìdá kan nínú mẹ́rin, bẹ́ẹ̀ ni ìró yàrá àti ti àkùkọ kò dínkù rárá. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó rà á, ẹ wo orí wáyà rẹ̀ nínú àwòrán. Èyí tó wà fún tẹlifóònù ní ìlà dúdú mẹ́ta. Èyí tó ní méjì, ti kámẹ́rà ni, tẹlifóònù kò ní gbọ́ ọ. Bí tẹlifóònù kò bá ní ihò róbótó, tí ó jẹ́ ihò USB-C nìkan, ẹ ra ìsopọ̀ tí a kọ ọ́ sí pé ó ń gba ohùn wọlé. Òmíràn wà tí kò mọ̀ ju kí ó gbé orin jáde lọ.

Ẹ̀kẹta ni ẹsẹ̀ ìdúró, ti míkró tàbí ti tẹlifóònù. Ọwọ́ ènìyàn kì í dúró jẹ́ẹ́. Gbogbo ìfọwọ́rọ́ ni ó ń wọ inú orin, ààyè tó wà láàárín ẹnu àti míkró sì ń yí padà ní gbogbo ìgbà, tí ohùn yóò fi máa lọ sókè sódò láìnídìí. Ẹsẹ̀ irin kan ṣoṣo ń wo àìsàn méjèèjì sàn.

Ẹ̀kẹrin ni wáyà míkró, irú èyí tó ní irin mẹ́ta lórí, tí wọ́n ń pè ní XLR. Ọgbọ́n inú rẹ̀ dùn mọ́ wa. Okùn méjì ni ó ń gbé ohùn kan náà lọ, ṣùgbọ́n wọ́n dojú ọ̀kan dé: bí ti àkọ́kọ́ bá ń gòkè, ti èkejì a máa sọ̀kalẹ̀. Ariwo iná tó bá wọ wáyà lójú ọ̀nà yóò bá okùn méjèèjì bákan náà. Nígbà tí wọ́n bá dé òpin, ẹ̀rọ á yí èkejì padà sípò rẹ̀. Ohùn méjèèjì á wá di ọ̀kan, ariwo méjèèjì á sì pa ara wọn rẹ́. Ìdí nìyẹn tí a fi lè fa irú wáyà bẹ́ẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan ṣọ́ọ̀ṣì dé èkejì kí ó má kùn. Wáyà gìtá kò ní ọgbọ́n yìí. Kí ó má ṣe gùn ju mítà 5 tàbí 6 lọ.

Wáyà kì í sábà kú fúnra rẹ̀, ìkáká burúkú ni ó ń pa á. Ẹ má ká a mọ́ ìgbọ̀nwọ́ àti àtàǹpàkò bí ẹni ń ká okùn ewúrẹ́; inú rẹ̀ á lọ́, okùn tínrín inú rẹ̀ á já. Ẹ ká a ní òrùka ńlá, kí ẹ fi okùn alẹ̀mọ́ kékeré dì í. Ọ̀pọ̀ okùn yìí nínú ọ̀rá kan kò tó owó ẹran ọbẹ̀ kan. Bí ọmọ náà bá sì ní ọwọ́ iṣẹ́, ẹ ra irin ìjó-òjé fún un, kí ó lọ jókòó ti àwọn tí ń tún rédíò ṣe fún ọjọ́ díẹ̀. Wáyà tí à bá jù nù, òun ni yóò máa tún un ṣe. Kò sì ní pẹ́ tí àwọn ẹlòmíràn yóò fi máa gbé tiwọn wá bá a pẹ̀lú owó lọ́wọ́.

Ẹ̀karùn-ún ni ohun ìgbọ́rin tí a fi ń bo etí, kásìkì. Irú tó bo etí pátápátá ni kí ẹ rà fún gbígba orin sílẹ̀, kí orin tí akọrin ń gbọ́ má baà jò jáde wọ inú míkró. Kò di dandan kí ó lókìkí. Kí ó má fún etí, kí wáyà rẹ̀ sì nípọn díẹ̀.

Ẹ̀kẹfà ni ẹ̀rọ kékeré tí a ń há mọ́ orí gìtá láti fi yẹ okùn rẹ̀ wò bóyá ó bá ohùn mu. Lóòótọ́, tẹlifóònù lè ṣe iṣẹ́ yìí lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n etí ni tẹlifóònù fi ń gbọ́. Bí ẹgbẹ́ akọrin bá ń pariwo, yóò dà á rú. Èyí tí a há mọ́ igi ń mọ gbígbọ̀n igi náà fúnra rẹ̀, ariwo kò dí i lọ́wọ́. Ẹ fi okùn gìtá tuntun kan kún un. Gìtá àtijọ́ tí gbogbo ènìyàn ti ń bú, okùn rẹ̀ ni ó ti jẹ́ ìpẹtà. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀, kí ẹ máa fi aṣọ gbígbẹ nù ún lẹ́yìn tí ẹ bá ta á tán, kí òógùn má baà jẹ ẹ́.

Èyí tó kẹ́yìn ni àpótí ohùn tó ń wà láàárín míkró àti kọ̀ǹpútà, tí àwọn Faransé ń pè ní carte son. Òun ni ó wọ́n jù nínú gbogbo wọn, òun ni a sì fi sí ìkẹyìn. Ẹni tó ti lo tẹlifóònù fún ọdún kan, tí iṣẹ́ rẹ̀ ti ń dára, ni kí ẹ rà á fún. Kò nílò láti ra ètò ìṣiṣẹ́ fún kọ̀ǹpútà rẹ̀: Audacity wà lọ́fẹ̀ẹ́ láti ọdún 2000, ó sì tó fún iṣẹ́ ẹgbẹ́ akọrin kan.

Ohun tí kò yẹ kí a ra ní ọ̀pọ̀

Abẹ́rẹ́ kéré lóòótọ́, kì í ṣe mímì fún adìyẹ. Àwọn ohun kan wà tí owó kékeré orí wọn yóò ná wa ní ohun ńlá.

Ohun tó kan iná ni ṣáájú. Iná wa jẹ́ 220 fóòtì. Ohun tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà nìkan, tí wọ́n kọ 110 tàbí 120 sí, yóò jóná bí ẹ bá ti fi bọ̀ ọ́. Èyí tí a kọ 100–240 sí lára kò ní wàhálà. Pákó tí a ń ki wáyà iná púpọ̀ bọ̀, ẹ ra èyí tó nípọn tó sì ní ẹsẹ̀ ilẹ̀ iná, kí oníṣẹ́ iná sì rí i dájú pé ilé náà ní ilẹ̀ iná ní tòótọ́. Akọrin ń fi ọwọ́ tútù di irin mú, ẹnu rẹ̀ sì wà lára irin míràn. Iná kì í bá ọmọdé ṣeré. Bí ààrá bá ń sán, ẹ yọ gbogbo wáyà.

Káàdì mémórì ni ó tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá rí káàdì tí wọ́n kọ 2 To sí lára, tí wọ́n sì ń tà á ní fránkì 3,000, ẹ sá fún un. Ààyè díẹ̀ ni ó wà nínú rẹ̀ ní tòótọ́. Wọ́n kàn kọ́ ọ láti máa purọ́ fún tẹlifóònù ni. Nígbà tí ó bá kún, yóò máa kọ tuntun lórí àtijọ́, kò sì ní sọ fún yín. Ẹ ra èyí tó kéré ṣùgbọ́n tó jẹ́ òótọ́, kí ẹ kún un dẹ́nu lẹ́ẹ̀kan láti fi dán an wò, kí ẹ sì ṣí gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ wò, kí ẹ tó fi ohun pàtàkì sí i.

Ẹ̀kẹta ni míkró olórúkọ ńlá. Shure SM58 ti wà lọ́jà láti 1966, kò sì sí ìlú tí a kò ti rí ayédèrú rẹ̀. Bí wọ́n bá ń tà á ní ìdá kan nínú márùn-ún iye rẹ̀, ayédèrú ni. Míkró olówó kékeré tó ń jẹ́ orúkọ ara rẹ̀ sàn ju èyí tó jí orúkọ ẹlòmíràn lọ.

Ẹ sì ṣọ́ra fún míkró ńlá aláwọ̀ wúrà tí àwọn ọmọ fẹ́ràn nítorí pé ó rí bíi ti sítúdíò. Púpọ̀ nínú wọn ń fẹ́ iná 48 fóòtì láti inú àpótí ohùn kí wọ́n tó lè ṣiṣẹ́ dáadáa. Bí ẹ bá kì wọ́n bọ tẹlifóònù lásán, ohùn wọn á rẹlẹ̀, ariwo á pọ̀. Míkró ọrùn aṣọ tí a sọ lókè yóò na wọ́n.

Bí a ti ń rà á

Òbí ni kí ó mú káàdì báǹkì lọ́wọ́, kí ọmọ jókòó tì í. Ẹ ka ohun tí àwọn tó bínú kọ sábẹ́ ọjà náà ṣáájú ti àwọn tó yìn ín, kí ẹ sì wo àwòrán tí àwọn olùrà fúnra wọn yà. Ẹ wo ìwọ̀n rẹ̀ ní sẹ̀ntímítà. Àwòrán lè sọ ẹsẹ̀ míkró di òpó, kí èyí tí ẹ ó gbà má ju ìka ọwọ́ lọ.

Ẹ san owó lórí ibi ìtajà náà gan-an. Bí olùtajà bá ní kí ẹ fi owó ránṣẹ́ sórí tẹlifóònù òun kí òun lè dín owó kù fún yín, ẹ pa á tì. Gbogbo wa ni a mọ ohun tí àwọn gaïman ń ṣe, àwọn tí wọ́n sì ń lù ní jìbìtì kò gọ̀ jù wá lọ. Láti 2018 ni orílẹ̀-èdè wa ti ní òfin lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n òfin kì í tètè dá owó padà sí àpò ẹni.

Ẹ fi owó ìkóròyìn ohun náà kún iye rẹ̀, kí ẹ sì rántí àwọn aṣọ́bodè àti owó orí TVA tó jẹ́ 18 nínú 100. Ohun tó ń ti Ṣáínà bọ̀ lè gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ẹ má ra ohun àjọ̀dún Kérésì ní December. Púpọ̀ nínú wa kò ní àdírẹ́sì tí wọ́n lè gbé ẹrù wá bá, nítorí náà ìbátan kan ní Kútọ̀nù ni yóò gbà á, tí yóò sì fi í sínú ọkọ̀ tó ń bọ̀ ní Ṣábẹ̀, ìrìn tó tó kìlómítà 250. Ìdí nìyẹn tí ó fi dára kí ìdílé mẹ́rin tàbí márùn-ún rà á pa pọ̀, kí wọ́n san owó ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹrù bá dé, ẹ fi tẹlifóònù ya fídíò bí ẹ ti ń tú u, kí ẹ sì dán an wò lọ́jọ́ náà. Bí ó bá bàjẹ́, ẹ̀rí wà lọ́wọ́ yín. Ohun tí ẹ bá sì rí ní iye kan náà ní Bohicon tàbí ní Kútọ̀nù, ẹ rà á níbẹ̀, kí ẹ lè mọ ẹni tí ẹ ó dá a padà fún.

Kí ni a fẹ́ fi ṣe?

Ìbéèrè yìí ni kí òbí bi ọmọ kí ó tó mú owó jáde. Bí ọmọ bá ní òun fẹ́ di olókìkí, kò burú. Ṣùgbọ́n àwa mọ iṣẹ́ kan tí ó ti wà nílẹ̀ tí kò lè dúró de òkìkí ẹnikẹ́ni. Ìyá àgbà wà nínú ilé wa. Orin tí wọ́n fi ń rẹ ọmọ, orin àlọ́, orin ìgbéyàwó, orin tí àwọn obìnrin ń kọ bí wọ́n bá ń ṣe gàrí, ẹnu wọn ni ó wà. Ní 2001, UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí àwa ará Benin, Nàìjíríà àti Togo jọ ni ín, pé ogún gbogbo ayé ni. Ayé ti gbà bẹ́ẹ̀ pé ohun tí à ń fi ẹnu gbé láti ìran dé ìran níye lórí. Ṣùgbọ́n UNESCO kò ní wá sí àgbàlá wa láti gba orin ìyá wa sílẹ̀. Ohùn tí a kò bá gbà sílẹ̀ lọ́dún yìí, a lè má rí ẹni tí yóò kọ ọ́ lọ́dún tó ń bọ̀.

Míkró ọrùn aṣọ kan, tẹlifóònù kan, kúbùsù méjì, àti ìyá àgbà kan lórí àga: iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Kí ọmọ kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn, kí ó má sì gbé e sórí Facebook bí wọn kò bá fẹ́. Kí ó sọ orúkọ wọn, ọjọ́ náà, orúkọ abúlé, àti ìgbà tí wọ́n ń kọ irú orin bẹ́ẹ̀, sínú ẹ̀rọ kí orin tó bẹ̀rẹ̀. Kí ó gbà á ní WAV tí kò fún ohùn pọ̀: ìṣẹ́jú kan, nǹkan bí 5 Mo ni, tí káàdì 32 Go tòótọ́ yóò fi gba tó wákàtí 100. Bí ó bá fẹ́ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kí ó fi í ránṣẹ́ bí ìwé, kí wọ́n má baà fún un pa. Kí ó ṣe ẹ̀dà rẹ̀ méjì, kí a tọ́jú wọn sí ilé méjì.

Ẹ̀yin òbí, ọmọ tó bá fi ohun díẹ̀ ṣe irú iṣẹ́ yìí láìṣe ọ̀lẹ ti fi hàn yín pé a lè fi ohun tó pọ̀ sí i lé òun lọ́wọ́. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má ṣe béèrè ìkòkò kejì nígbà tí ti àkọ́kọ́ kò tíì hó. Ẹni tó bá ní ìbéèrè lórí ohun tó fẹ́ rà, kí ó kọ ọ́ sínú ìwé, kí ó fi lé wa lọ́wọ́ lẹ́yìn Mísà. A ó dáhùn rẹ̀ ní ojú ewé yìí.